Omi Tí Lámilámi Tọ́ Wò

"Àlọ́ o!"

"Àlọ̀!"

"Àlọ́ mi ta pọ́ún, ó bọ́ sódò."

"Odò wo nìyẹn?"

"Odò tó ń ti orí òkè sọ̀ kalẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ ń gbé lókè rẹ̀. Àkèré ń gbé nísàlẹ̀ rẹ̀. Lámilámi kò gbé inú rẹ̀ rárá."

"Kí ló wá ń wá níbẹ̀?"

"Ẹ jẹ́ n jókòó dáadáa ná."

Nígbà tí à ń wí yìí, Lámilámi kì í súnmọ́ odò. Ìrì orí ewé ló máa ń lá láàárọ̀. Bó bá ti lá ìrì tán, ó yó nìyẹn, ó di ọjọ́ kejì.

Àkèré ní tirẹ̀ bímọ rẹpẹtẹ sínú odò. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run àwọn ọmọ náà. Wọn kò jẹun. Wọn kò lúwẹ̀ẹ́. Wọ́n kàn ń léfòó. Méjì kú. Àkèré figbe ta, ó gun òkè lọ bá Ẹlẹ́dẹ̀.

"Bàbá Ẹlẹ́dẹ̀, ẹ kú ilé o."

"Ìyá ẹlẹ́nu gbàgàdà, káàbọ̀. Kí ló dé?"

"Àwọn ọmọ mi ń kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò da nǹkan kan sódò?"

Ẹlẹ́dẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó wọlé, ó bu omi nínú àmù rẹ̀, ó gbé igbá náà síwájú Àkèré.

"Ṣé o rí ìsàlẹ̀ igbá?"

"Mo rí i."

"Ṣé ẹrẹ̀ wà níbẹ̀?"

"Kò sí. Ṣé omi odò yìí nìyí?"

"Ṣé odò méjì ló wà ni? Lọ wo oúnjẹ tí ò ń fún wọn."

Àkèré padà sílé, ó ń sunkún. Lámilámi bà sórí ewé kan nítòsí.

"Àkèré, ta ló nà ọ́?"

"Má fi mí ṣeré lónìí. Àwọn ọmọ mi ń kú, omi sì mọ́."

"Ta ló sọ pé ó mọ́?"

"Ojú mi ni."

"Ahọ́n rẹ ńkọ́?"

"Inú omi yìí ni wọ́n bí mi sí. Ó ti mọ́ ahọ́n mi lára. Ìwọ tí kì í mu ún ni kó o bá mi lá a wò."

"Èmi? Bí mo bá kú ńkọ́?"

"Lá a díẹ̀."

"Báwo ni díẹ̀ ṣe pọ̀ tó?"

"Lámilámi! Òmíràn ti ń dorí kodò!"

Lámilámi sọ̀ kalẹ̀. Ó lá omi. Ó tu ú dànù. "Ó korò!" Ó wá fi orin sí i:

*Omi, níbo lo ti korò wá?*
*Ṣàn, ṣàn, máa ṣàn.*
*Mo ń bọ̀ lókè wá wò ọ́.*
*Ṣàn, ṣàn, máa ṣàn.*

Ó fò lọ sókè díẹ̀, dé ibi tí odò ti yà. Àkèré ń tọ tẹ̀ lé e nílẹ̀. Lámilámi tún lá omi. Eléyìí korò ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ahọ́n rẹ̀ bó. Ó tún kọrin náà, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti há.

Wọ́n dé ibi àpáta ńlá kan tó wà létí odò nítòsí ilé Ẹlẹ́dẹ̀. Wọ́n kọjá rẹ̀, wọ́n bọ́ sókè rẹ̀.

"Lá a," ni Àkèré wí.

"Ahọ́n wo ni kí n fi lá a? Ìrù ló kù mí kù."

Ó fi ìrù kan omi. Ó dúró. Omi náà tutù bí ìrì.

"Èyí dùn."

"Ìrù rẹ ló mọ adùn?"

"Kò ta mí ni mo ń wí."

Ẹlẹ́dẹ̀ gbọ́ ohùn wọn, ó jáde. "Kí lẹ̀ ń wá lẹ́yìn ilé mi?"

Lámilámi kí i dáadáa. "Bàbá, òǹgbẹ ló ń gbẹ wá. Níbo lẹ ti ń bu omi mímu yín?"

"Ibi tẹ́ ẹ wà yẹn náà ni. Òkè àpáta."

"Ìsàlẹ̀ àpáta ló kúkú súnmọ́ ẹnu ọ̀nà yín."

"Ta ni yóò mu omi gbágùúdá?"

 

Àkèré tọ sí ìsàlẹ̀ àpáta. Ó ká ewé kókò tó bo ibẹ̀. Gbágùúdá tí Ẹlẹ́dẹ̀ rẹ fún fùfú ló kún ibẹ̀ bámúbámú.

"Bàbá Ẹlẹ́dẹ̀!"

"Omi tó bá ti ṣàn kọjá ilé mi kì í ṣe tèmi mọ́."

"Ọ̀dọ̀ mi ló ń ṣàn bọ̀."

Ẹlẹ́dẹ̀ wo ilẹ̀. "Àwọn ọmọ náà... ó ku mélòó?"

"Ẹ wá wò wọ́n fúnra yín."

Kò lè lọ wò wọ́n. Ó kó gbágùúdá rẹ̀ kúrò lódò. Ó gbẹ́ kòtò sẹ́yìn ilé, ó ń rẹ ẹ́ síbẹ̀. Kòtò di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ bá a lára mu, kò sì tíì jáde nínú rẹ̀ títí dòní. Omi tuntun ṣàn wálẹ̀. Àwọn ọmọ Àkèré tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í lúwẹ̀ẹ́.

Ìdí nìyẹn tí Lámilámi kì í fi í mu omi odò ní àmuyó. Á fi ìrù kan án, á gbéra, á tún kan án lókè díẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń lé e kiri létí odò, ẹ fi í sílẹ̀. Iṣẹ́ ló ń ṣe.

Lọ́jọ́ kejì tí omi tuntun dé, Àkèré ní kí Lámilámi jókòó bá àwọn ṣeré. Ó ti gbéra.

"Lámilámi, omi ti dára. Níbo lo tún ń lọ?"

"Omi àná lò ń wí. Ẹ má tíì mu tòní, ẹ jẹ́ n lọ wo òkè."