Òdòdó Àsàbí Tí Kò Rọ

Olóyè Fágbohùn kì í gba àwáwí, bó bá ti sọ̀rọ̀, abẹ gé e nìyẹn. Nígbà ọyẹ́ kan, ó pe Àsàbí, obìnrin tó ń tọ́jú ọgbà rẹ̀, ó ní, "Àlejò mi ń bọ̀ ní ọ̀túnla, wọn yóò lo ọjọ́ márùn-ún. Fi òdòdó aláwọ̀ mèremère kún pálọ̀ mi. Bí ẹyọ kan bá rọ kí wọ́n tó lọ, kó ẹrù rẹ kúrò nílé mi." Àsàbí ní, "Mo ti gbọ́, Bàbá." Ọyẹ́ ti pa gbogbo òdòdó inú ọgbà, Àsàbí sì forí lé ibi tó ń da ìdọ̀tí ọgbà sí. Ó ṣa háríhá àgbàdo àti ewé gbígbẹ, ó rẹ òmíràn sínú aró, ó fi osùn kun òmíràn, ó ká wọn bí òdòdó, ó so wọ́n mọ́ ẹ̀ka igi, ó sì fi wọ́n kún pálọ̀ Olóyè. Nígbà tí àwọn àlejò dé, ẹnu yà wọ́n. Láràárọ̀ ni Olóyè ń yọjú wo òdòdó wọ̀nyí, ṣùgbọ́n kò rí èyí tó rọ. Nígbà tí àlejò lọ tán, ó pe Àsàbí, ó ní, "Kí lo ṣe tí wọn kò fi rọ?" Àsàbí kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, mo jẹ́ kí wọ́n rọ tán kí n tó kó wọn wọlé ni." Olóyè bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí òdòdó náà má kúrò níbẹ̀, kí Àsàbí náà má sì kúrò.