Epo Tó Ta sí Gíláàsì

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títo fídíò lórí kọ̀ǹpútà. Ó ti lo ọdún mọ́kànlá ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìkirè kí wọ́n tó gba ẹlòmíràn sí i, tí wọ́n sì gbé tábìlì tuntun sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó dé kẹ́yìn yìí ń pè é ní ẹ̀gbọ́n, ó sì ń bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n bí àwọn oníbàárà bá wọlé, wọn a kí ẹ̀gbọ́n, wọn a sì gbé iṣẹ́ fún àbúrò. Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jowú.

Nígbà tó yá, ọ̀gá wọn fẹ́ ṣí ilé iṣẹ́ kejì ní Gbọ̀ngán, ó sì ń wá ẹni tí yóò ṣe olórí ibẹ̀. Ó fún àwọn méjèèjì ní fídíò kan náà: ìyá agbẹ̀bí kan tó pé ọgọ́rin ọdún, ó wọ aṣọ funfun, ó wé gèlè funfun, ó jókòó níwájú kọ́tìnì dúdú, ó ń sọ ìtàn iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá ní kí oníkálùkù mú kí àwòrán náà rọra sún mọ́ ojú ìyá, kí ó sì dúró síbi tí ìyá ti dárúkọ ọmọ àkọ́kọ́ tí ó gbẹ̀bí rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó fún wọn.

Iṣẹ́ náà kò le. Àmì méjì péré ni. A ó fi àmì kìn-ín-ní síbi tí ìrìn yóò ti bẹ̀rẹ̀, kí àwòrán wà ní ìwọ̀n rẹ̀. A ó fi èkejì síbi tí yóò parí sí, a ó sì sọ bí a ṣe fẹ́ kí ó tóbi tó. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni yóò rin ààrin méjèèjì.

Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ẹ̀gbọ́n fi àmì kìn-ín-ní sí tirẹ̀. Kò tíì fi èkejì sí i tí àbúrò fi dé pẹ̀lú iṣẹ́ tó ti parí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ojú yín ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí ju tèmi lọ."

Ó wò ó. Àwòrán náà rìn bí ọmọ tó ń rọra sún àpótí ìjókòó mọ́ ìyá rẹ̀ kí ó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa. Ó dára. Dídára rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n lè dìde mọ́.

"Ẹ jẹ́ ká lọ jẹun, ẹ̀gbọ́n."

"Ìwọ máa lọ. Ẹni tó ti ṣe tirẹ̀ tán ni í rìn káàkiri."

Ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá bá òun lórí tábìlì. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń fi òkèlè ẹ̀bà bọ ọbẹ̀, ọwọ́ òsì ń fẹ àwòrán àbúrò, ojú rẹ̀ ń wá àbùkù.

Ó rí i. Nígbà tí gèlè funfun ìyá gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, ohun pupa kan hàn ní igun rẹ̀ kan, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Inú rẹ̀ dùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́fà tí àbúrò ti dé. Ó sún àwòrán síwájú: àbàwọ́n wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá. Ó tún sún un: àbàwọ́n wà lọ́rùn aṣọ. Ó kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìwé, ó sì fi ọjọ́ kejì àti ìkẹta wá ìkẹrin. Nínú iṣẹ́ tirẹ̀, àwòrán ṣì jìnnà, kọ́tìnì dúdú ni ó wà ní igun yẹn. Kò rí nǹkan kan níbẹ̀, ó sì gbà pé tòun mọ́.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ó pe ọ̀gá wá sídìí tábìlì rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ wò ó. Ẹni tí ẹ ń yìn ti ta epo sí àlà ìyá arúgbó."

Ọ̀gá tẹjú mọ́ ọn. "Fẹ̀ ẹ́ ní ìlọ́po méjì." Ó fẹ̀ ẹ́. "Ìlọ́po mẹ́rin." Ó tún fẹ̀ ẹ́. Fọ́nrán òwú gèlè náà nípọn bí okùn. Ohun pupa náà wà bó ṣe wà.

"Ṣé ó tóbi sí i?"

"Rárá, sà."

"Ohun tó bá wà nínú àwòrán a máa bá àwòrán dàgbà." Ọ̀gá fi ìka nu gíláàsì ojú kọ̀ǹpútà náà, ó gbóòórùn ìka rẹ̀. "Ẹ̀gúsí ni. Ta ni ó ń jẹun níbí?"

Àbúrò dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò rẹ́rìn-ín, ilẹ̀ ni ó ń wò.

Ọ̀gá ní kí ẹ̀gbọ́n ṣí iṣẹ́ tirẹ̀. Ìyá agbẹ̀bí sọ̀rọ̀ títí, ó dárúkọ ọmọ àkọ́kọ́, ó kọjá rẹ̀, àwòrán kò kúrò lójú kan. Àmì kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀, ẹ̀rọ kì í sì í fi àmì kan rìn. Ní ọjọ́ Ajé, àbúrò lọ sí Gbọ̀ngán.

Ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀, ìwọ náà ní ẹnìkan tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kí o lè dìde lọ jẹun. N kò ní kí o má wò ó. Ṣùgbọ́n kí o tó pe ọ̀gá, dán àbùkù tí o rí wò. Sún mọ́ ọn. Bí ó bá tóbi sí i, ti ẹni náà ni. Bí kò bá tóbi, tí ó kàn ń tẹ̀lé ojú rẹ láti gèlè dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, láti ara ẹni yìí dé ara ẹni yẹn, wá aṣọ kí o nu gíláàsì rẹ. Lẹ́yìn náà, padà sídìí iṣẹ́ tí o pa tì. Àmì kejì kò tíì sí níbẹ̀.