Egungun Àgbò Ọba Lórí Igi Apá

Bí àlejò bá gbọ́ tí àwọn ará Òkè-Àṣá ń sọ pé, "Egungun kì í gbàgbé eyín tó jẹ ẹ́," ẹnu á yà á. Egungun gbígbẹ lásán, kí ló fẹ́ fi rántí nǹkan? Ẹ gbọ́ ibi tọ́rọ̀ náà ti wá.

Àgbò ọba ló sọnù. Àgbò náà, tí ṣaworo ọba wà lọ́rùn rẹ̀, a máa jẹ káàkiri ìlú, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ nà án, ì báà jẹ iṣu onítọ̀hún tán. Nígbà tí wọ́n wá a tì, Olúọdẹ, olórí àwọn ọdẹ, tọ́ka sí Ọdẹ́lékè, àgbà ọdẹ kan tí wọ́n ti jọ ń figagbága tipẹ́.

"Ẹranko wo ló kù nígbó tó lè gbé àgbò? Ẹkùn tó kẹ́yìn, ọwọ́ mi ló kú sí! Ọdẹ́lékè ló pa àgbò ọba jẹ."

Ọba ní bí Ọdẹ́lékè kò bá rí àlàyé ṣe kó tó di ọjọ́ ọjà, kó fi ìlú sílẹ̀.

Inú bí Ọdẹ́bùnmi, ọmọbìnrin Ọdẹ́lékè, gan-an. "Bàbá, ẹ má dẹrù kankan. Mò ń lọ wá òkú àgbò náà."

"Ọmọ mi, gbogbo ọdẹ ló ti wá a tì."

"Èmi ò tíì wá a."

Ó wọgbó. Ó rí egungun ọ̀yà, ó rí ti àgbọ̀nrín. Agbárí kan mú inú rẹ̀ dùn, àmọ́ ìwo rẹ̀ rí ṣóńṣó, ti àgbò a sì máa ká. Ẹtu ni. Ó jù ú nù, ó forí lé òkè. Ẹ̀gún fa aṣọ rẹ̀ ya, kò padà. Ibi tó ti jókòó sábẹ́ igi apá kan, tó ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀, ló ti rí irun àgbò nílẹ̀. Ó gbójú sókè. Egungun àgbò há sáàárín ẹ̀ka, ṣaworo ọba sì so rọ̀ lórí ẹ̀ka lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo àwọn tó wá a, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ó gungi, ó di gbogbo rẹ̀ sínú ìborùn, ó gba ààfin lọ, ó sì sọ ibi tó ti rí i.

Olúọdẹ bú sẹ́rìn-ín. "Kábíyèsí, ẹ ò rí i? Baba rẹ̀ ló lọ fi í pamọ́ sórí igi!"

Ọdẹ́bùnmi kúnlẹ̀. "Kábíyèsí, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀bẹ ò kan egungun yìí rárá. Ihò ló wà lágbárí rẹ̀." Ó yíjú sí Olúọdẹ. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní eyín ẹkùn tí ẹ fi ń yangàn lọ́rùn yẹn."

Olúọdẹ ń lọ́ tìkọ̀. Ọba ní kó bọ́ ọ. Ọdẹ́bùnmi ki eyín náà bọ ihò agbárí, ó sì wọ̀ ọ́ rẹ́gí. "Kábíyèsí, ẹkùn ló máa ń gbé ẹran gungi."

Ọba ránṣẹ́ sí Ọdẹ́lékè pé kó fọkàn balẹ̀ sílé rẹ̀. Ó wá kọjú sí Olúọdẹ: "Ìwọ tó o pa ẹkùn tó kẹ́yìn, ó yá, lọ pa èyí tó tẹ̀ lé e."

Títí dòní, bí wọ́n bá fẹ́ gbé ẹ̀sùn kọ́ aláìṣẹ̀ lọ́rùn ní Òkè-Àṣá, àgbà kan á ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ wo ohun tí ọ̀ràn fi sílẹ̀, nítorí pé egungun kì í gbàgbé eyín tó jẹ ẹ́.