Ìdí Tí Ẹ̀yìn Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Fi Pọ́n, Tí Ikùn Rẹ̀ Sì Funfun

Nígbà láéláé, nígbà tí orúnkún mi kò tíì máa dún bí ilẹ̀kùn, funfun báláú ni gbogbo kọ̀ǹpútà inú ilé. Ẹ má bi tíṣà yín léèrè ohun tó bà wọ́n láwọ̀ jẹ́. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n, torí èmi gan-an ni mo fà á.

Ẹ̀yin ọmọ, mo fẹ́ràn kọ̀ǹpútà àtijọ́ bí àwọn ẹgbẹ́ mi ṣe fẹ́ràn ìlẹ̀kẹ̀. Ibi tí ẹlòmíràn bá sọ ọ́ nù sí ni mo ti ń he é. Mẹ́rin ló wà ní yàrá mi nígbà náà. Àwọn ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì, èmi ń sùn lórí ẹní.

Èyí tó kéré jù ni mo fẹ́ràn jù, Kékeré sì ni mò ń pè é. Kò ní ojú tirẹ̀. Bọ́tìnnì ló kún ẹ̀yìn rẹ̀. Ojú tẹlifíṣọ̀n ló ń yá lò. Inú kásẹ́ẹ̀tì ni eré rẹ̀ wà, rẹkọ́dà ló sì ń sọ ọ́ sí i létí.

Lọ́dún kan, òjò gba ihò páànù wọlé, ó rin Kékeré gbingbin. Mo tẹ̀ ẹ́ títí, kò jí.

Àyìnlá, ọmọ mi ọkùnrin, ní, "Ìyá, lọ́la ni mò ń gbé e lọ sí ààtàn. Ẹ ò ríbi gbé ẹsẹ̀ yín sí mọ́ nínú yàrá yìí."

Rẹkọ́dà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Tó bá lọ, etí ta ni n ó máa sọ̀rọ̀ sí?"

Mo ronú. Bí èlùbọ́ bá rin, kí là ń ṣe? A ń sá a ni. Mo bá gbé Kékeré rù, ó di orí àpáta ẹ̀yìn ilé, níbi tí gbogbo àdúgbò ń sá èlùbọ́ sí. Mo tẹ́ ẹ síbẹ̀, ikùn rẹ̀ kan àpáta.

Oòrùn yọjú. "Ìyá àgbà, irú iṣu wo rèé?"

"Kì í ṣe iṣu, Bàbá. Kọ̀ǹpútà ni. Ẹ bá mi fa omi ara rẹ̀."

"Màá fà á. Ṣùgbọ́n bí òjìji àpáta bá kan ìdí igi kaṣú yẹn, kí ẹ wá gbé e. Bí omi bá tán, ohun tó bá kù lára rẹ̀ ni màá máa fà."

Kékeré ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí. Ó fi ohùn tíńtín sọ pé, "Ìyá, ẹ má gbàgbé mi o."

"Èmi? Kí n gbàgbé rẹ?"

N kò gbàgbé. Mo kàn ní kí n fi kọ̀ǹpútà kejì ṣeré díẹ̀ ni. Nínú eré ọ̀hún, ọkùnrin kékeré kan ló ń fo kòtò. Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń ṣubú sí kòtò kẹta. Lọ́jọ́ náà, mo fò ó. Mo dìde, mo jó. Mo rí kòtò kẹrin, mo tún jókòó.

Rẹkọ́dà ní, "Ìyá, òjìji ti kan ìdí kaṣú."

Mo ní, "Ó ku kòtò kan." Irọ́ ni. Ogún ló kù.

Ìgbà tí mo sáré dé àpáta, àwọn adìẹ ti ń wọlé. Kékeré ti gbẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ti pọ́n bí ìyeyè. Oòrùn ń nu ẹnu.

"Ìyá, funfun yẹn mà dùn o. Ilé gbogbo ẹni tó bá ní irú rẹ̀ ni màá máa wá a dé."

Mo gbé e wálé tẹkúntẹkún, mo so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ó wá jí pátápátá.

"Ìyá, kòtò mélòó lẹ fò?"

"Mẹ́rin."

"Torí mẹ́rin?"

Àyìnlá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Kò dárúkọ ààtàn mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni Oòrùn ti ń gba ojú fèrèsé wọlé láti lá kọ̀ǹpútà àtijọ́ káàkiri ayé. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀yìn wọn ti pọ́n, tí ikùn wọn sì funfun, torí ahọ́n rẹ̀ kì í dé abẹ́. Bí ẹ bá rí arúgbó tó yí ọ̀kan dojú délẹ̀, tó ń wo ikùn rẹ̀, tó sì mí kanlẹ̀, ẹ rọra kí i. Ó mọ ohun tó ṣe.