Bí Pẹ́pẹ́yẹ Ṣe Fi Ẹsẹ̀ Rìn Dé Òkè Agbọ́ẹ̀bẹ̀

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ ò dáhùn dáadáa. Àwọn ọmọ tí mo pàlọ́ fún ní Kíṣí lọ́hùn-ún, bí wọ́n bá dáhùn, ewúrẹ́ á já okùn. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀ẹ́n, ẹ ti ń jí. Ààlọ́ mi di ẹrù, ó so ọ̀já mọ́ra, ó kí ará ilé pé ó dàbọ̀. Ó rìn, rìn, rìn, ó kọsẹ̀ lára Pẹ́pẹ́yẹ, ó sì ṣubú lu Ahun Ìjàpá.

Ẹ sún mọ́ mi. Ọ̀rọ̀ ìrìn la fẹ́ sọ, bó bá sì ti di ọ̀rọ̀ ìrìn, èmi ni kẹ́ ẹ bi. Ìwé kejì ni mo kúrò ní súkúù. Ìyókù, ẹsẹ̀ ló kọ́ mi. Àwọn odò tí mo ti là kọjá, tíṣà yín ò gbọ́ orúkọ wọn rí.

Láyé àtijọ́, ìlú àwọn ẹranko wà nísàlẹ̀, Òkè Agbọ́ẹ̀bẹ̀ wà lọ́hùn-ún. Ó jìnnà débi pé bẹ́ ẹ bá wò ó láti ìlú, bí èéfín ló ṣe rí. Ìsun omi kan wà lórí òkè náà. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn débẹ̀, tó bu omi odò ìlú rẹ̀ dà sínú ìsun yẹn, ohun tó bá tọrọ, á rí i gbà. Ẹsẹ̀ ni o! Ẹyẹ ò gbọdọ̀ fò. Ẹrù òkè náà, wọn kì í rù ú lórí. Wọ́n máa ń pọ̀n ọ́n sẹ́yìn ni, bí ìyá ṣe ń pọnmọ.

Ẹnì kan ṣoṣo ni ìlú ń rán lọ lọ́dún. Ojúlé sí ojúlé ni wọ́n ń tò ó. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ó kan ojúlé Pẹ́pẹ́yẹ.

Ẹ bá mi yọ̀ fún un! Pẹ́pẹ́yẹ ò rọ́mọ bí. Á yé ẹyin, á sàba lé e títí ìyẹ́ àyà rẹ̀ á fi máa re, ẹyin á di ọ̀bu. Bí àwọn adìẹ bá ń kó ọmọ wọn kọjá, á wọlé, á ti ilẹ̀kùn. Ìlú sì tóbi. Bí ọdún yìí bá bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, kó tó tún kan ojúlé rẹ̀, egungun rẹ̀ á ti jẹrà. Kò sì rin ọ̀nà jíjìn rí láyé rẹ̀. Láti ilé dé odò, láti odò dé ilé, ó tán.

Ta ló wá kángun sí ojúlé Pẹ́pẹ́yẹ? Ta tún ni! Ahun ni. Àṣà ìlú sì ni pé bí ẹni tó kàn ò bá lè pọn ẹrù rẹ̀ dé ẹnu odi ìlú, ojúlé tó kángun sí i ló máa lọ dípò.

Ahun ò ní ẹ̀bẹ̀ kankan tó fẹ́ bẹ òkè. Ohun tó gbọ́ ni pé gbogbo ìlú ojú ọ̀nà ló máa ń gúnyán de ẹni tó ń lọ. Iyán funfun! Ọ̀lẹ̀lẹ̀! Ẹja yíyan! Ọ̀fẹ́! Itọ́ dà lẹ́nu rẹ̀.

Ahun ń sáré nígbà yẹn o. Kí lẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí? Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju ti ajá lọ. Ó sáré, ó kan ilẹ̀kùn Pẹ́pẹ́yẹ, kọ́ kọ́ kọ́.

"Àbúrò mi, wọ́n ní ìwọ ló kàn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀rù ń bà mí. N ò mọ bí wọ́n ṣe ń múra rẹ̀."

"Ẹ̀rù kẹ̀? Èmi tí mo ti lọ láìmọye ìgbà!"

"Ẹ̀yin kẹ̀? Wọn ò rán yín rí."

"Mo máa ń yọ́ lọ ni. Gbé ẹsẹ̀ rẹ wá ká wò ó. Yéè! Ta ló fi ewé kókò ṣe ẹsẹ̀ fún ọ?"

Pẹ́pẹ́yẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Ojú tì í.

Ahun ní, "Má sunkún. Èmi ni màá kọ́ ọ. Láràárọ̀, màá bá ọ di ẹrù, wàá pọ̀n ọ́n lọ sídìí ọ̀pẹ ọ̀hún, wàá pọ̀n ọ́n padà. Àmọ́ gbọ́ èèwọ̀ rẹ̀ o. Ẹni tó ń pọn ẹrù òkè kì í tú u wò. Bó bá tú u, òkè ò ní gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ mọ́."

"Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ò ní rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà."

Ẹ gbọ́ àdúrà tó ń gbà fún olè!

Ahun fa agbọ̀n. Ó ki akèrègbè kékeré tó kún fún omi odò ìlú bọ̀ ọ́, ó ki àgbàdo sísun bọ̀ ọ́, ó ki òrí tí wọ́n fi ń pa àtẹ́lẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ohun tó yẹ nìyẹn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wá wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ki òkúta bọ̀ ọ́. Gbì! Ó tún ki òmíràn bọ̀ ọ́. Gbì! Ó fi aṣọ bò ó, ó dì í pinpin.

Pẹ́pẹ́yẹ pọ̀n ọ́n, orúnkún rẹ̀ kanlẹ̀. Ó gbìyànjú, ó dìde. Ó fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹrù yìí wúwo!"

"Bí ẹrù òkè ṣe ń rí nìyẹn. Bí o bá mọ̀ pé o ò lè ṣe é, sọ̀rọ̀, kí n bá ọ lọ. Ṣebí aládùúgbò ni wá."

"Màá ṣe é."

Ó bá ń lọ. Bó ṣe ń lọ ló ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é o. Tiyín ni "Gbẹ́sẹ̀, gbẹ́sẹ̀":

Ọ̀nà òkè mà jìn o,
— Gbẹ́sẹ̀, gbẹ́sẹ̀.
Ẹrù wúwo lẹ́yìn mi o,
— Gbẹ́sẹ̀, gbẹ́sẹ̀.
Ọmọ ni mò ń wá lọ o,
— Gbẹ́sẹ̀, gbẹ́sẹ̀.
Ẹsẹ̀ kókò, má já mi kulẹ̀ o,
— Gbẹ́sẹ̀, gbẹ́sẹ̀.
Bí n ò tiẹ̀ yára, n ó débẹ̀ o,
— Gbẹ́sẹ̀, gbẹ́sẹ̀.

Ó dé ìdí ọ̀pẹ, ó padà, ó ṣubú lulẹ̀ bí àpò ẹ̀wà. Ahun rẹ́rìn-ín nínú. Ó ní, "Ó di ọ̀la, á ní òun ò lọ mọ́."

Ilẹ̀ mọ́. Pẹ́pẹ́yẹ ti dúró sẹ́nu ọ̀nà Ahun. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi di ẹrù."

Ahun fi òkúta kún un. Pẹ́pẹ́yẹ pọ̀n ọ́n, ó fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, ó lọ, ó bọ̀. Ó ki ẹsẹ̀ bọ omi iyọ̀ lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ó fi òrí pa á, ó sùn. Ilẹ̀ tún mọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi di ẹrù." Ahun tún fi òkúta kún un. Ó lọ, ó bọ̀. Nígbà tó yá, kò ṣubú mọ́ bó bá dé. Ahun tó ń ṣa òkúta létí odò ni ẹ̀yìn ń ro.

"Ẹ gbà mí! Irú obìnrin wo lèyí?"

Ẹ jẹ́ kí arìnrìn-àjò sọ fún yín. Ẹsẹ̀ dà bí ọmọ tuntun, ohun tẹ́ ẹ bá fi kọ́ ọ ló ń mọ̀. Ahun ò mọ̀yẹn. Ibo ló rìn dé rí, yàtọ̀ sí ìdí ìkòkò ọbẹ̀?

Ọjọ́ ìrìn pé. Gbogbo ìlú pé sẹ́nu odi. Baba Òbúkọ onírùngbọ̀n ló ń ṣọ́ ẹnu odi náà. Òun ti lọ sí òkè nígbà èwe rẹ̀, òun ló sì máa ń sin ẹni tó bá ń lọ. Ahun ti débẹ̀ ṣáájú. Ó ti so ọ̀já mọ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀. Kò tiẹ̀ jẹun láti àná, kí ikùn rẹ̀ lè gba iyán dáadáa. Òkúta tó kì bọ agbọ̀n Pẹ́pẹ́yẹ láàárọ̀ yẹn, bí orí màlúù ló tóbi.

Ni wọ́n bá rí nǹkan lókèèrè. Ó ń fì sọ́tùn-ún, ó ń fì sósì. Ó ń bọ̀. Ó ń bọ̀. Ó dé!

Ìlú pariwo. Ẹnu Ahun là sílẹ̀, eṣinṣin wọ̀ ọ́.

Baba Òbúkọ ní, "O káre, ọmọ mi. Sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ká tú u."

"Ká tú kí ni, Baba? Ẹ̀gbọ́n mi Ahun, tí wọ́n ti lọ láìmọye ìgbà, ní èèwọ̀ ni."

"Èèwọ̀ ilé ta ni? Ẹrù tí a ò tú wò kì í gba ẹnu odi yìí kọjá. Kò sẹ́ni tó lọ rí tí kò mọ̀ ọ́n."

Wọ́n tú u. Gbì! Gbì! Gbirigidi! Òkúta ń yí kiri. Ọ̀kan yí lu ẹsẹ̀ Baba Òbúkọ.

"Yéè, pátákò mi! Ta ló di ẹrù yìí?"

Gbogbo ojú yí sí Ahun. Ó ti ń fi ẹ̀yìn rìn lọ díẹ̀díẹ̀.

"Ìwọ Ahun, dúró níbẹ̀! Ìwọ tó ní o ti lọ láìmọye ìgbà, o ò mọ̀ pé a máa ń tú ẹrù?"

Ahun dúró. Ẹ mọ ẹnu rẹ̀, kì í gbẹ. Ó ní, "Ẹ kú àárọ̀ o, Baba wa. Òkúta yẹn… ẹ̀bùn ni! Ẹ̀bùn tèmi fún òkè ni. Mo ní kí àbúrò mi bá mi mú un dání."

"Ẹ̀bùn?"

"Ẹ̀bùn pàtàkì, Baba!"

Baba Òbúkọ fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní, "O ṣeun, ọmọ dáadáa. Ẹni tó bá dárúkọ ẹ̀bùn òkè lẹ́nu odi yìí, òun fúnra rẹ̀ ló ń pọ̀n ọ́n lọ. Kì í jókòó, kì í sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí yóò fi débẹ̀. Ó dáa tó o ti so ọ̀já mọ́ra. Ẹ bá a pọ̀n ọ́n!"

Wọ́n pọn gbogbo òkúta yẹn lé Ahun lẹ́yìn, wọ́n dì í pinpin, bí òun náà ṣe ń dì í.

Pẹ́pẹ́yẹ wá pọn tirẹ̀. Ó fi agbára dìde bó ṣe mọ́ ọn lára, díẹ̀ ló kù kó fi àgógó ẹnu gúnlẹ̀.

"Baba, ṣé ẹ ti kó gbogbo rẹ̀ sí i? N ò mọ̀ pé ohunkóhun wà lẹ́yìn mi."

"Gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Akèrègbè omi, àgbàdo, òrí."

Pẹ́pẹ́yẹ hó yèè! Ẹ wo ẹsẹ̀ kókò lójú ọ̀nà! Pà, pà, pà, pà! Baba Òbúkọ ń pè é lẹ́yìn pé, "Ọmọ mi, rọra, àgbà ni mí o!" Òkè tó ń dà bí èéfín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí òkè.

Wọ́n dé abúlé àwọn Ọ̀yà. Iyán ti délẹ̀, ó ń yọ èéfín. "Ẹ kú ọ̀nà o! Ẹ wá jókòó!" Pẹ́pẹ́yẹ jókòó, Baba Òbúkọ jókòó. Ahun fẹ́ jókòó.

"Ìwọ dúró," Baba Òbúkọ wí. "Ẹlẹ́bùn kì í jókòó."

"Ẹ kúkú ju òkèlè sí mi lẹ́nu níbi tí mo dúró sí."

"Ẹnu tó rí nǹkan ta òkè lọ́rẹ, á ti yó kó tó kúrò nílé."

Ó dúró, ó ń gbọ́ òórùn. Wọ́n dé abúlé àwọn Ehoro. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ gbígbóná, epo ń kán lára rẹ̀. Ahun dúró. Wọ́n dé abúlé ẹsẹ̀ òkè, wọ́n ti yan ẹja dè wọ́n. Ahun dúró, omi ń dà lójú rẹ̀. Ọmọ kan níbẹ̀ ní, "Ìyá mi, ẹ wo bàbá yìí, ìfẹ́ òkè ló ń pa á lẹ́kún."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Ẹ bá a gbè é, ó ti fẹ́ débẹ̀!

Òkè mà súnmọ́ o,
— Gbẹ́sẹ̀, gbẹ́sẹ̀.
Ẹ̀yìn mi fúyẹ́ bí òwú o,
— Gbẹ́sẹ̀, gbẹ́sẹ̀.
Ọmọ ni mo wá gbà o,
— Gbẹ́sẹ̀, gbẹ́sẹ̀.

Ibẹ̀ ni Ahun ti dojú bolẹ̀, pẹ̀ẹ̀! Ó figbe ta.

"Òkúta lásán ni! Kì í ṣe ẹ̀bùn! Èmi ni mò ń kì í bọ ẹrù rẹ̀ kó má baà lè lọ! Ẹ tú mi sílẹ̀, ẹ fún mi lóúnjẹ!"

Pẹ́pẹ́yẹ dúró. Ó bojú wẹ̀yìn. Ó wo òkúta, ó wo Ahun, ó wo ibi tó rìn dé. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, àpáta gbè é.

"Ẹ̀gbọ́n Ahun! Ẹ̀yin náà lẹ wá kọ́ mi ní ìrìn lóòótọ́! Ká ní ẹ ò fi òkúta kọ́ mi ni, ibo ni ǹ bá rìn dé? Ẹ ṣé o. Ẹ sinmi níbẹ̀, n ó kí òkè fún yín."

Ó yí padà, ó gun ìyókù. Ó dé orí òkè. Ó bu omi odò ìlú rẹ̀ dà sínú ìsun. Ó ní, "Ẹsẹ̀ mi ni mo fi rìn wá. Ọmọ ni mo tọrọ. Kí wọ́n pọ̀, kí wọ́n tò tẹ̀lé mi, kí n má bojú wẹ̀yìn kí n má rẹ́nìkan mọ́."

Ìsun náà hó, poro-poro-poro.

Pẹ́pẹ́yẹ délé, ó yé, ó sàba. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ gbayawu. Ó jáde. Ọmọ kan tẹ̀lé e. Òmíràn tẹ̀lé ìyẹn. Òmíràn. Òmíràn! Wọ́n tò lọ sódò bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn. Àwọn adìẹ kó ọmọ wọn, wọ́n yà fún un lọ́nà.

Ahun ní tirẹ̀, láti ọjọ́ yẹn kò sáré mọ́. Ẹ̀ ń rí i bó ṣe ń wọ́. Òkúta ti kúrò, ẹ̀yìn rẹ̀ ò gbà.

Ẹ̀yìn Pẹ́pẹ́yẹ náà ò gbàgbé. Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá rí pẹ́pẹ́yẹ tó ń fì sọ́tùn-ún, tó ń fì sósì, àyà síwájú, ìdí ń mì, ẹ má ṣe sọ ọ́ lókò, ẹ má sì wí pé kò mọ̀rìn. Ìrìn ẹni tó dé òkè nìyẹn. Ó ń fi yangàn ni. Ẹ yà kó kọjá.

Ibi tí ààlọ́ mi ti sọ ẹrù kalẹ̀ nìyí. Bó bá jẹ́ irọ́ ni mo pa, kí ẹsẹ̀ mi tó ti rin ayé já yìí má lè dìde lórí àpótí. Ẹ la ojú yín o. Hẹ̀-ẹ̀ẹ́n! Mo dìde, àbí n ò dìde?

Ẹ dìde!