Ẹsẹ̀ Ẹlẹ́dẹ̀ Mẹ́rin Nínú Ìkòkò Asín

Àlọ́ mi gbéra, kò yà síbì kankan, ìdí ìkòkò Asín ló lọ jókòó sí, torí ibẹ̀ ni òórùn dídùn ti ń jáde.

Ẹran ń wu Asín jẹ. Kì í ṣe bó ṣe ń wu èmi àti ẹ̀yin o. Bí Asín bá lá àlá pé òun ń jẹ ẹran, bó bá jí láàárọ̀, ìyàwó rẹ̀ ni yóò bá jà pé ó jẹ nínú ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Asín rí ẹlẹ́dẹ̀ kan tó já kúrò nínú ọgbà àgbẹ̀. Ó sáré lọ sọ fún Ẹkùn àti Ìkookò, àwọn méjèèjì sì pa á. Nígbà tí wọ́n ń pín in, Ẹkùn gbé itan méjèèjì àti ẹ̀yìn. Ìkookò gbé orí, igẹ̀ àti gbogbo ìhà. Wọ́n wá ju ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, láti orúnkún dé pátákò, síwájú Asín.

“Ìwọ lo fi ẹnu pa á,” ni Ìkookò wí. “A ò ní jẹ́ kí o lọ lọ́wọ́ òfo.”

“Ẹ ṣé o, ẹ̀yin bàbá mi,” ni Asín dáhùn. “Bẹ́ ẹ ṣe ṣe fún mi yìí, Ọlọ́run á ṣe é fún ẹ̀yin náà.” Ẹ sáà mọ irú àdúrà bẹ́ẹ̀.

Ó délé. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ yọ sí i, ọmọ mẹ́fà tí ebi ń pa tẹ̀ lé e.

“Bàbá Ìgè, ẹran ọ̀hún dà?”

“Òun lò ń wò yìí.”

“Irun àti pátákò ni mò ń wò.”

“Ṣáà sè é. Ẹni tó bá mọ ọbẹ̀ sè kì í béèrè ẹran.”

“Ẹ kú ọgbọ́n,” ni Àwẹ̀ró wí.

Ó dáná igi, ó fi jó irun ara ẹsẹ̀ náà títí wọ́n fi dúdú. Ó mú ọ̀bẹ, ó ha wọ́n títí wọ́n fi mọ́ bí ojú ìyàwó tuntun. Ó fa pátákò wọn yọ nígbà tí wọ́n ṣì gbóná, ó sọ wọ́n sórí eérú. Ó la àárín ìka wọn, ó fi iyọ̀ àti omi gbígbóná fọ̀ wọ́n. Ó bọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó da omi yẹn nù, ó da òmíràn sí i. Ó wá kó ata, àlùbọ́sà, atalẹ̀ àti ewé efinrin lé e lórí, ó dín iná kù, ó ní kí ìkòkò máa fara balẹ̀ hó. Láti ìdájí ló ti wà lórí iná. Asín náà kò jókòó lásán. Ó dùbúlẹ̀, ó ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kó tẹra mọ́ iṣẹ́.

Òórùn ọbẹ̀ yẹn gun òkè, ó sọdá odò, ó bá Ẹkùn níbi tó ti ń fa itan tútù ya. Ẹran bọ́ lẹ́nu Ẹkùn. Òun àti Ìkookò tẹ̀ lé imú wọn dé ilé Asín.

“Asín, kí lẹ̀ ń sè?”

“Kò tó nǹkan, bàbá. Ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ jù fún mi ni. Oúnjẹ tálákà. Itan tútù tí eṣinṣin ń bà lé, òun ló yẹ ọlọ́lá bíi tiyín.”

“N ó jẹ ẹsẹ̀,” ni Ẹkùn wí.

“Á à! Àwọn ọmọ mi ńkọ́?” Asín bú sẹ́kún. Ó sunkún débi pé Ẹkùn lọ gbé odidi itan kan wá láti fi gba ẹsẹ̀ méjì. Ìkookò ní òun kì í ṣe ọmọ àlè, òun náà kó gbogbo ìhà wá fún méjì yòókù. Asín nu ojú rẹ̀ kíá.

“Kò tíì jinná. Ẹ padà wá lọ́sàn-án gangan.”

“A ó wá,” ni Ẹkùn wí. “Bí n kò bá sì bá ẹsẹ̀ wa nínú ìkòkò, mẹ́rin tó wà lára rẹ yìí náà á ṣe é jẹ.”

Àwẹ̀ró fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ẹsẹ̀ lásán ti di itan, ó ti di ìhà! Ó ní kí àwọn fún àlejò ní ẹsẹ̀ wọn, kí ilé sì rójú. Bó ṣe yẹ kí àlọ́ yìí parí nìyẹn, ká ní ẹlòmíràn ló ni ilé.

“Lọ pọnmi,” ni Asín wí fún un. “Kí o kó àwọn ọmọ dání. Èmi á máa ṣọ́ ìkòkò.”

Àwọn yẹn lọ. Asín ṣí ìkòkò, ó jẹ ẹsẹ̀ kìíní láti fi mọ̀ bóyá iyọ̀ tó. Ó jẹ ìkejì nítorí ata. Ó jẹ ẹ̀kẹta láti fi wò ó bóyá òótọ́ ni ti iyọ̀. Ó wá wo ìkẹrin, àánú rẹ̀ ṣe é. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, ibo ló fẹ́ rìn dé? Ó jẹ òun náà.

Lẹ́yìn náà ló rántí Ẹkùn. Ó ṣa pátákò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí eérú, ó sì ń fi wọ́n tẹ ilẹ̀ láti ìdí iná dé etí igbó. Ẹ̀yìn ló fi ń rìn lọ, ó ń fi ewé gbá ojú ẹsẹ̀ tirẹ̀ nù. Ó gba ẹ̀yìnkùlé padà, ó jókòó, ó ń ro ọ̀rọ̀ tí yóò sọ: “Ẹ̀yin bàbá mi, ojú mi rí nǹkan! Ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ dìde nínú ìkòkò, wọ́n rìn lọ sígbó!” Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn débi pé kò nu ẹnu rẹ̀. Atẹ́gùn sì ń fẹ́. Omi ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ tó ti wà lórí iná láti ìdájí, bó bá tutù, àtè ni.

Ẹkùn àti Ìkookò dé. “Ẹsẹ̀ wa dà?”

Asín dìde, ó gbé ọwọ́ sáyà, ó fẹ́ la ẹnu. Ẹnu kọ̀.

“Mm-mm-mm,” ni Asín wí.

“Ṣé orin ló ń kọ ni?” ni Ìkookò béèrè.

Asín nawọ́ sí ilẹ̀. Ẹkùn tẹ̀ríba, ó wo ojú ẹsẹ̀ náà fínnífínní. “Ìkookò, iṣẹ́ baba mi ni kíka ojú ẹsẹ̀ ẹran. Wò ó, ibo ni èyí kọjú sí?”

“Ilé ni.”

“Ẹsẹ̀ mẹ́rin wọlé láti inú igbó, kò sì sí ẹyọ kan tó jáde. Asín, kó wọn wá.”

“Mm! Mm-mm!”

Ibẹ̀ ni Àwẹ̀ró bá wọn. Ó sọ omi kalẹ̀, ó ṣí ìkòkò, ó wo omi ọbẹ̀ tó ṣẹ́ kù, ó wo ẹnu ọkọ rẹ̀ tó ń dán. “Bàbá Ìgè, ṣé iyọ̀ rẹ̀ tó?”

Ẹkùn na èékánná sí ẹsẹ̀ Asín. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. “Ẹ gbà mí, bàbá. Kẹ́ ẹ tó gé e, ẹ kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀.”

Ẹkùn gbé imú súnmọ́ ọn. Ó sín lẹ́ẹ̀mẹta.

“Ohun tí mò ń fara dà látìgbà tí mo ti wọlé ọkọ nìyẹn,” ni Àwẹ̀ró wí. “Kò sí efinrin tó lè ká a. Ẹ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Omi ọbẹ̀ ṣì wà, itan yín àti ìhà yín ṣì wà. N ó sè é fún yín, kí èmi àtàwọn ọmọ mi bá yín jẹ ẹ́.”

“Mo gbà,” ni Ẹkùn wí.

“Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́!” ni Ìkookò wí. Ó fi eyín mú ètè Asín, Ẹkùn dì í mú níbàdí, wọ́n fà. Ẹnu Asín gùn, kò là. Wọ́n tún fà. Ó gùn sí i, ó tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, ó tó là: pà! Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti tò sílẹ̀ wá kù sí “sín-ín!”

Nígbà tí itan jinná, wọ́n yí àwo ká. Ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jẹ, ikùn wọn yọ. Asín náà gbé ẹnu tuntun wá. Ó fi gún ìhà, kò wọlé. Ó fi gún itan, ẹran yí lọ sápá ọ̀tún. Kòkòrò kékeré kan ń kọjá lọ lẹ́bàá àwo. Asín mú un. Ìyẹn bá ẹnu rẹ̀ mu gẹ́lẹ́.

Kòkòrò ló ń jẹ dòní. Ẹni tó bá ti ta ẹsẹ̀ gba itan, kó fún oníbàárà ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Ibi tí mo bá àlọ́ yìí dé rèé. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo pa, kó lọ wo ẹnu Asín, kó sì fi ọwọ́ dí imú.