Ohun Tó Mú Kí Ẹsẹ̀ Alágẹmọ Máa Mì Kó Tó Balẹ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí gbogbo ẹranko igbó ṣì ń gbọ́ èdè ara wọn, kò sí ẹni tó yára bí Alágẹmọ. Bó bá fẹ́ lọ sórí igi kejì, ẹ ò ní í rí i nígbà tó gbéra, ẹ ó kàn rí i pé ó ti débẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa ń sọ̀rọ̀. Ohun tó bá ti dé ẹnu rẹ̀ ti jáde nìyẹn.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ ìgbà náà kì í ṣe èyí tí ẹ mọ̀ lónìí o. Onísùúrù ni. Ó lè jókòó sójú kan láti àárọ̀ di ọ̀sán, kó máa fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ jẹ ẹyọ èkùrọ́ kan ṣoṣo.

Bàbá Ọ̀pọ̀lọ́, tó ń gbé ní bèbè odò, ló pa àlọ́ kan fún àwọn méjèèjì. Ó ní àwọn ọba méjì kan wà lókè sánmà tí wọ́n ń bára wọn jagun, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kì í kán nínú ogun wọn. Òkúta ni wọ́n ń tò sórí ìkùukùu. Ọba kan ń fi òkúta funfun la ọ̀nà lọ sí ààfin èkejì, èkejì ń fi òkúta dúdú la tirẹ̀ bọ̀, wọ́n sì ń dí ara wọn lọ́nà. Ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ bá kọ́kọ́ já sí ààfin ẹnì kejì ló borí.

Àlọ́ lásán ni, kò sẹ́ni tó rí àwọn ọba náà rí. Síbẹ̀ ó dùn mọ́ àwọn ọ̀rẹ́ méjì yìí débi pé nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n fa ilà sórí àpáta pẹlẹbẹ kan, wọ́n pín in sí ilé kéékèèké, wọ́n ṣa òkúta wẹ́wẹ́ nínú odò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta á bí ẹni tó ń ta ayò.

Ẹ wá wo ìgbádùn! Oúnjẹ á tutù, wọn ò ní rántí. Alágẹmọ á sọ òkúta sílé wàrà, Ọ̀kẹ́rẹ́ á rò ó títí, á họ etí, á tún un rò. Ẹni tó bá ti pinnu á na ọwọ́ sókè ilé tó mú, á ní, "Ó balẹ̀." Èyí tó bá ti balẹ̀, ó ti balẹ̀ nìyẹn, kò sí pé mo fẹ́ mú un padà. Bí àwọn ọba inú àlọ́ ṣe ń ṣe é nìyẹn, Bàbá Ọ̀pọ̀lọ́ sì ni adájọ́.

Ọdún kan wá dé tí ọ̀dá dá. Gbogbo ewéko gbẹ, iná sì sọ nínú igbó lápá òkè. Igi ìyeyè kan ṣoṣo ló wà tí iná kò lè dé, nítorí àárín omi ló dúró sí. Ihò kan wà lára igi náà, kò sì lè gba ju ìdílé kan lọ.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ dé etí omi tó kọjú sí i, ojú wọn kò tíì là. Alágẹmọ náà dé. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ kò ní pẹ́ yé ẹyin, ara rẹ̀ sì wúwo, kò lè sáré. Òun ló ní kí ọkọ òun máa yára lọ gba ààyè sílẹ̀, pé òun ń bọ̀ lẹ́yìn.

Àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì wo ara wọn. Kò sí ẹni tó fẹ́ jà nínú wọn. Wọ́n ní kí àwọn ta òkúta lórí àpáta wọn, kí ẹni tó bá borí wọ inú ihò.

Ọjọ́ yẹn ni Alágẹmọ kọ́kọ́ lọ́ra nídìí òkúta. Èéfín ti bo ọ̀nà tí Àwẹ̀ró yóò gbà, kò sì tíì rí i. Ó fi ojú kan wo àpáta, ó fi ojú kejì wo ọ̀nà.

Nígbà tó yá, ilé méjì ló kù tó lè fi òkúta rẹ̀ sí. Bó bá fi sí tọwọ́ òsì, ó ti dí ọ̀nà Ọ̀kẹ́rẹ́ pa. Bó bá fi sí tọwọ́ ọ̀tún, ọ̀nà Ọ̀kẹ́rẹ́ yóò já, Alágẹmọ ti pàdánù nìyẹn. Ó mọ èyí tó yẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í jẹ́ kéèyàn gba ohun tó mọ̀ gbọ́. Ó gbé ọwọ́ lọ sí òsì, ó dá a padà sí ọ̀tún, ó tún gbé e lọ, ó tún dá a padà.

Bí ọwọ́ rẹ̀ ti wà lókè ilé tọwọ́ ọ̀tún ni Ẹ̀ga fò dé, tó ní òun rí Àwẹ̀ró, pé ó ti kọjá iná, pé ara rẹ̀ le.

"Háà, ọkàn mi balẹ̀," ni Alágẹmọ wí.

Ọ̀kẹ́rẹ́ wo òkúta tó wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó wo àwọn ọmọ rẹ̀ tí ń ràpálá lórí ewé.

"O ti ní ó balẹ̀," ló wí.

Alágẹmọ rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni. "Ọkàn mi ni mo ní ó balẹ̀, kì í ṣe òkúta."

"Balẹ̀ ni mo gbọ́. Ibi tí ọwọ́ rẹ wà náà nìyẹn. Má bínú sí mi, ọ̀rẹ́ mi."

Wọ́n kọjú sí Bàbá Ọ̀pọ̀lọ́. Ó ní bó bá jẹ́ tinú òun ni, òun ì bá fojú fò ó, ṣùgbọ́n àwọn ọba inú àlọ́ kì í bi ara wọn pé kí ló balẹ̀. "Ẹyin lọ̀rọ̀," ló wí. "Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́."

Báyìí ni Ọ̀kẹ́rẹ́ kó ọmọ wọ inú ihò. Kò yọ̀.

Nígbà tí Àwẹ̀ró dé, ọkọ rẹ̀ kò lè wojú rẹ̀. Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un, ó sì sunkún. Àwẹ̀ró kò bá a wí. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí bèbè odò níbi tí ilẹ̀ ti tutù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ẹ.

"Wọ́n ní ẹyin tó bá balẹ̀ á fọ́," ló wí. "Tèmi á balẹ̀, kò ní fọ́."

Ibẹ̀ ló yé àwọn ẹyin rẹ̀ sí, ó sì wa iyẹ̀pẹ̀ bò wọ́n. Iná jó dé bèbè, ó jó kọjá lórí wọn, kò sì sí ẹyọ kan tó bàjẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni Ọ̀kẹ́rẹ́ ti ní ilé lára igi, tí kò sì ní ìfọ̀kànbalẹ̀ mọ́. Bí ewé bá já, á ta gìrì, á ní wọ́n ti wá gba ihò òun. Láti ọjọ́ náà náà ni ìyàwó alágẹmọ ti ń yé ẹyin sínú ilẹ̀, tí ọkọ rẹ̀ sì ń gbé orí ẹ̀ka láìnílé, tó ń pa àwọ̀ dà kí ẹnikẹ́ni má baà rí i, tí ojú rẹ̀ kan ń wo iwájú, tí èkejì ń wo ẹ̀yìn. Bí ẹ bá sì rí i tó gbé ẹsẹ̀ sókè, tí ẹsẹ̀ náà ń lọ síwá sẹ́yìn lófuurufú, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kò tíì dá a lójú pé kó balẹ̀ ni.